Ẹ̀mú tó ń já ìyẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ni mo ń wé mọ́ ìwọ̀ láti ṣe kòkòrò àtọwọ́dá tí mo fi ń pa ẹpìyà ní adágún Èrò, n'Ìkún. Kí n tó wé e dé ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀mú kékeré tí mo fi ń di ṣóńṣó rẹ̀ mú láti wé e á ti já a. Ṣé kí n ra òmíràn ni? (Òǹkàwé, Ọ̀tùn-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì náwó. Ẹ fi ìka ra etí ẹnu ẹ̀mú náà. Bó bá mú bí abẹ, òun ló ń gé ìyẹ́ yín. Ẹ fi sáńpépà kíkúnná ha á títí yóò fi kú. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni ìyẹ́ ń yọ̀ bọ́, ẹ bọ́ rọ́bà ara wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi wọ ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu ẹ̀mú náà. Ẹyọ kan tó.

Ọwọ́ náà ṣe pàtàkì o. Ẹ má fi ẹ̀mú dábùú ìyẹ́: kí òun àti ọ̀pá ìyẹ́ wà lórí ìlà kan náà. Ṣóńṣó ìyẹ́ kò lágbára, nítorí náà ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó mú un. Ìyẹ́ tó gbẹ jù máa ń dá. Ẹ fi ìka tútù pa á lára. Ẹ wé e nígbà 5 tàbí 6, ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú èkejì, láìfà á le. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀mú so rọ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ fi òwú de ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀ nígbà 3 kí ẹ tó gé ṣóńṣó ìyẹ́.

Bí ẹ bá padà fẹ́ rà, èyí tí orí rẹ̀ ń yí ló dára jù, torí kì í jẹ́ kí ìyẹ́ lọ́.