Túúlu tí oògùn kò ràn mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Kubwa, ọmọ ọdún 38. Túúlu ń dà mí láàmú: apá kan orí á máa lù kì-kì-kì, èébì á máa gbé mi, n kò ní lè wo iná. Dókítà kọ sumatriptan 50 mg fún mi. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, àmọ́ ní báyìí ṣe ló dà bíi pé omi lásán ni mo mu. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lo parasitamọ́ọ̀ lójoojúmọ́. Ṣé kí n máa lo sumatriptan méjì pọ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì lò ó ní méjì, dókítà ló lè gbé e dé 100 mg. Ìgbà wo lẹ ń gbé e mì ná? Bí túúlu bá dé, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ojú àti orí lọ sí ọpọlọ á máa tú èròjà kan tó ń jẹ́ CGRP sílẹ̀. Òun ló ń mú òpójẹ̀ fẹ̀, tó sì ń dá kún ìrora. Sumatriptan ń dí i kó má tú jáde. Bí ẹ bá dúró títí èébì fi gbé yín, ó ti tú síta, ikùn náà ti dẹwọ́ iṣẹ́, oògùn á kàn jókòó síbẹ̀ ni. Gbàrà tí orí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ́ ni kí ẹ lò ó. Bí túúlu bá lọ tó tún padà, ẹ lè lo ìkejì lẹ́yìn wákàtí 2. Bí àkọ́kọ́ kò bá ràn án rárá, ẹ má lo ìkejì fún túúlu kan náà.

Parasitamọ́ọ̀ ojoojúmọ́ yẹn ló ká wa lára jù. Ẹni tó bá ń lo sumatriptan ní ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lóṣù, tàbí parasitamọ́ọ̀ ní ọjọ́ 15, tó sì lé ní oṣù 3, oògùn fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀fọ́rí. Ẹ fa ìlà sára kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ tí ẹ bá lò ó, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró, ẹ̀fọ́rí náà lè le sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má bẹ̀rù. Dókítà lè fún yín ní propranolol láti máa dènà túúlu (ẹni tó ní ikọ́ fée, ìyẹn asthma, kò gbọdọ̀ lò ó), tàbí amitriptyline díẹ̀ lálẹ́. Ó tó oṣù 2 kí ẹ tó mọ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín kí ẹ tó ra páálí mìíràn. Sumatriptan ń fún òpójẹ̀ pọ̀, kò yẹ ẹni tó ní àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò rọlẹ̀.