Ṣé kí dọ́kítà fi àìsàn bàbá wa pamọ́ fún wọn?

Òǹkàwé kan láti Abẹ́òkúta kọ̀wé nípa bàbá rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 72. Ẹ̀yìn ríro ló gbé bàbá dé ilé ìwòsàn, àyẹ̀wò sì fi hàn pé jẹjẹrẹ prọ́síteètì (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) ni, pé ó sì ti dé inú eegun. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Dọ́kítà kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún òǹkàwé wa nìkan. Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní London ti pàṣẹ pé bàbá kò gbọdọ̀ gbọ́, kí wọ́n máa pè é ní làkúrègbé. Dọ́kítà kọ̀ láti purọ́, ìyá sì bú u ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn lójú gbogbo èèyàn. Bàbá wá ń béèrè lálaalẹ́ pé, "Kí ni dọ́kítà sọ gan-an?" Òǹkàwé wa fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà mìíràn tí yóò gbà láti dákẹ́.

Arábìnrin mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má ṣe gbé bàbá yín kúrò lọ́dọ̀ dọ́kítà yẹn. Ẹni tí wọ́n bú ní gbangba, tí kò torí rẹ̀ pa aláìsàn rẹ̀ tì, tí kò sì fi irọ́ ra ojúure ẹbí, bàbá yín yóò nílò rẹ̀ ní ọjọ́ iwájú ju bí ẹ ti rò lọ.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí àṣẹ tí ìyá yín àti ẹ̀gbọ́n yín pa. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ẹni tó bá gbọ́ orúkọ àìsàn ńlá lè ti ọwọ́ ìpayà kú kí àìsàn náà tó ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn àgbà wa kì í sì í túfọ̀ fún ènìyàn lójijì: wọ́n á pe ẹbí jọ, wọ́n á ní kí ó jókòó, wọ́n á ti ọ̀nà jíjìn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ líle ni ọgbọ́n yẹn ń kọ́ wa. Kò ní kí a má sọ ọ́ rárá.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn dọ́kítà. Abala 23 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní kí oníṣègùn jẹ́ kí aláìsàn mọ bí ara rẹ̀ ti rí, ní èdè tó yé e, àfi tí ẹ̀rí tó lágbára bá wà pé mímọ̀ náà yóò pa á lára. Ìbẹ̀rù ẹbí nìkan kì í ṣe irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Abala 26 sì sọ ọ̀rọ̀ àìsàn di àṣírí aláìsàn fúnra rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ó yẹ kí dọ́kítà ti gbàṣẹ lọ́wọ́ bàbá yín, tí orí wọn ṣì pé, kí ó tó bá yín sọ ohunkóhun. (Ibi tí òun náà ti kù díẹ̀ káàtó nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣòro láti yẹra fún nílùú tí ọmọ ti ń san owó ìtọ́jú bàbá.)

Ẹni tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ mọ ẹni tó ń purọ́. Wọ́n mọ̀ pé a kì í torí làkúrègbé gba irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń dá èròjà ọkùnrin dúró nínú ara ni, ó lè máa mú kí ooru ṣàdédé bò wọ́n kí òógùn sì bo ara wọn. Wọ́n sì ń rí ojú yín. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi yín lálaalẹ́ jọ ti ẹni tó ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀, tó ń wá ẹni tí yóò bá òun ru ìyókù.

Ẹ tún ro ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yín ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ kan wà tí ìwé rẹ̀ kò tíì pé, tàbí gbèsè tí ìyá yín kò mọ̀, tàbí ẹni tí wọ́n fẹ́ bá parí ìjà. Ó sì lè jẹ́ pé wọn kò ní fẹ́ kí ẹ ta ilé torí àtisan owó ìtọ́jú. Àwọn nìkan ló lè pinnu ìyẹn, wọn kò sì lè pinnu lórí àìsàn tí a fi làkúrègbé bò mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá tún fẹ́ rí dọ́kítà, ẹ bá wọn wọlé. Ẹ ti sọ fún un ṣáájú pé kí ó kọ́kọ́ bi bàbá léèrè ohun tí wọ́n rò pé ó ń ṣe wọ́n, àti bóyá wọ́n fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ fúnra wọn àbí ẹ̀yin ni kí ó máa bá sọ ọ́. Tí wọ́n bá ní ẹ̀yin ni, ó parí: àwọn ló yàn bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò purọ́. Tí wọ́n bá ní kí ó sọ, kí ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó sì fi ohun tó ṣeé ṣe kún un. Abẹ́rẹ́ yẹn kò lè lé àìsàn tó ti dé eegun lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ó máa ń dá a dúró fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin, nígbà mìíràn fún ọdún bíi mélòó kan. Ìrora náà ní oògùn. Mọ́fíìnì olómi tí a ń mu wà fún èyí tó bá le, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn sì ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìtùnú àti ìrora irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Kí ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé bí ẹsẹ̀ bàbá bá ṣàdédé ń rọ, tàbí tí wọn kò lè tọ̀, kí ẹ gbé wọn wá lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ òru, nítorí pé ó lè jẹ́ pé àìsàn náà ti ń tẹ okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín wà lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Ní London tí wọ́n ń gbé, dọ́kítà kò ní gba àyè lọ́wọ́ ọmọ kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ bàbá fún bàbá, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti ìyá yín ló le jù. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ bi wọ́n bóyá, tó bá jẹ́ àwọn ni àìsàn náà ń ṣe, wọ́n á fẹ́ kí ọkọ wọn mọ̀ kí àwọn fúnra wọn má mọ̀.

Ní ti èébú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ẹ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ dọ́kítà lórúkọ ìyá yín kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹ sì sọ fún un ní kedere pé ẹ kò ní ní kí ó purọ́ mọ́.