Ọ̀pá ló bí ọlọ́pàá

Ẹ̀yin tí ẹ ń jiyàn lórí ibi tí “ọlọ́pàá” ti wá, tí àwọn kan ní “oní ipá” ni, tí àwọn mìíràn ní “pólíìsì” òyìnbó la lọ́ mọ́ ẹnu, ẹ jẹ́ ká tẹ́tí sí ohùn ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

“Oní” àti “ọ̀pá” ló so pọ̀. Bí “oní” bá pàdé ọ̀rọ̀ tí kò fi “i” bẹ̀rẹ̀, “n” á di “l”, a ó pa “i” jẹ, “o” iwájú á sì di fáwẹ́lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì. Bí a ṣe rí aláṣọ, ẹlẹ́wọ̀n àti olófin nìyẹn. Ohùn òkè orí “ní” kò bá “i” lọ, orí “lọ́” ló bà lé. Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí “ọ̀” náà kò sọnù. Kò ríbi jókòó mọ́, ló bá sún lọ sórí “pá”, ìyẹn ló fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn tó fi di “pàá”. Ẹ fi ẹ̀rí wé e: oní àti ẹ̀rí, ẹlẹ́rìí. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà.

“Ipá” ò lè bí i láéláé. “N” kì í yí padà níwájú “i”, ẹ wo oníṣẹ́, onílé, onígi. Onípá ni à bá máa pè wọ́n. Mo mọ ìdí tí ìtumọ̀ yẹn fi dùn mọ́ àwọn èèyàn, nítorí ohun tí ojú ẹlòmíràn ti rí lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìbínú ò tún gírámà ṣe.

Ọ̀pá wo wá ni? Kóndó ọwọ́ wọn ni. Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, wọ́n dá ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀ ní 1896, wọ́n sì pa ti Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ ní 1930. Lójú tèmi, orúkọ náà tètè wọlé nítorí pé a ti mọ ọ̀pá mọ́ ẹni tí ọba rán níṣẹ́ tipẹ́.

Àwọn mìíràn ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú wọn. Ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba, wà ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n máa ń fá apá kan orí wọn. Akọ́dà náà wà: ẹni tó gbé idà kọ́. Orúkọ yìí ni wọ́n fún oníṣẹ́ kóòtù ìbílẹ̀ nígbà òyìnbó. Lẹ́yìn 1966 ni ìjọba ológun tú ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ká, ẹnu àwọn àgbà sì ni akọ́dà kù sí báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ pátákó àti ìwé ẹ̀sùn ní Òṣogbo, ẹ jọ̀wọ́, “a” méjì ló wà níparí rẹ̀. “Ọlọpa” tí ẹ ń rí nínú ìwé àtijọ́ ti ṣáájú àkọtọ́ 1974, ìlànà tí a fi ń kọ Yorùbá lóde òní. Bí fóònù yín ò bá ní àmì ohùn, ẹ kọ “olopaa”, ó sàn ju “olopa” lọ.

Ẹ má sì fi “agbófinró” dípò rẹ̀ níbi gbogbo. Ẹni tó ń gbé òfin ró ni, aṣọ́bodè náà sì wà nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ nínú ìwé ẹ̀sùn, a ò ní mọ ẹni tẹ́ ẹ ń fẹjọ́ sùn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ti ẹni tó ń fìmú fínlẹ̀ láìwọ aṣọ iṣẹ́. Ní ti Àmọ̀tẹ́kùn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, orúkọ wọn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ: ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n, ìjọba àpapọ̀ ló ni ọlọ́pàá.