Ọmọ tó ń ti London bọ̀ wá ṣe Iléyá àkọ́kọ́: ṣé ẹran ọdún kàn án?

Ọkùnrin kan ló béèrè. Ìyàwó rẹ̀ ti bí ọmọkùnrin kan ní London kí àwọn méjèèjì tó fẹ́ra. Ọmọ náà ti pé ọdún 9, kò sì tíì dé Nàìjíríà rí. Ilé bàbá ọkùnrin yìí ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti fẹ́ ṣe Iléyá tó ń bọ̀. Ó ní kí ni ìtumọ̀ ẹran tí wọ́n máa ń pín kiri, ṣé ìpín kan ọmọ náà, kí sì ni kí òun kọ́ ọ kí wọ́n tó wọ bàálù.

Ìpín kàn án, iṣẹ́ sì kàn án. Nínú méjèèjì, iṣẹ́ yẹn ni kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn, torí ọmọ tí wọ́n bá gbé àwo ẹran lé lọ́wọ́ pé kó gbé e lọ sílé kejì ti di ọmọ ilé lójú gbogbo àdúgbò.

Àgbò Iléyá ń rán wa létí Ànábì Ibrahim, ẹni tí Ọlọ́run fi ẹran rọ́pò ọmọ tó fẹ́ fi rúbọ. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Dhul-Hijja, oṣù kejìlá àwọn Mùsùlùmí, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, lẹ́yìn ìrun Yídì. Ẹran tí wọ́n bá pa ṣáájú ìrun, ẹran jíjẹ lásán ni. Àwọn àáfà máa ń gbà wá níyànjú pé kí á pín in sọ́nà mẹ́ta: ìdá kan fún ilé, ìdá kan fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, ìdá kan fún aláìní. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe ọ̀ranyàn, kò sì sẹ́ni tó ń gbé e sórí ìwọ̀n. Nílẹ̀ Yorùbá, ìdá ti ọ̀rẹ́ kì í mọ sọ́dọ̀ Mùsùlùmí nìkan. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì àdúgbò ń retí tiwọn, bí ìrẹsì àti adìyẹ ṣe ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá ní Kérésìmesì. Àna náà ní tirẹ̀: ní ọ̀pọ̀ ilé, odindi itan ni wọ́n ń gbé fún wọn, torí itan tí wọ́n bá gé kù máa ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ rántí pé àna yín ni àwọn òbí ìyá ọmọ yìí. Bí wọ́n bá wà nítòsí, ọmọ náà gan-an ló yẹ kó bá yín gbé itan náà lọ. Alápatà ńkọ́? Owó ni kí wọ́n fi san iṣẹ́ rẹ̀. Wọn kì í fi ẹran tàbí awọ san án. Tí wọ́n bá fẹ́ bu ẹran fún un, ìyẹn lọ́tọ̀.

Ní ti ìpín inú ilé, ẹ béèrè ṣáájú bí wọ́n ṣe ń pín in lọ́dọ̀ bàbá yín. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, ìyẹn pípín sí iye ìyàwó ilé, abẹ́ ìyá ni ìpín ọmọ wà, ọ̀rọ̀ ti parí. Orí-ò-jorí, ìyẹn pípín sí iye ọmọ, ni wàhálà ti ń wá. Ẹni tó ń ka orí àwọn ọmọ lè fò ó, kì í ṣe pé ìkà ni, kò mọ̀ ọ́n ni. Ẹ sọ fún ìyá àgbà tó ń bójú tó ọpọ́n ẹran, ó kéré tán ní àná ọdún, pé àwọn ọmọ ti lé ọ̀kan. Ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ á máa wo ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó yọ lára tiyín fún un. Àwọn ọmọ yòókù á rí i, wọ́n á sì mọ̀ pé kò sí nínú òǹkà.

Iṣẹ́ àwo gbígbé ní tirẹ̀ ní ẹ̀kọ́. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ kọ́ ọ pé kó fi gbé e, pàápàá tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Tó bá wọlé, kó kọ́kọ́ gbé àwo kalẹ̀ tàbí kó gbé e lé ẹnìkan lọ́wọ́ kó tó dọ̀bálẹ̀. Ọbẹ̀ tó ti dà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ tòun ti àwo kò níye. Á ní: “Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Bàbá àgbà ní kí n gbé e wá fún yín.” Àdúà á wá bẹ̀rẹ̀: ọdún á yabo, ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé, àṣèyí ṣàmọ́dún. Ibẹ̀ ni ọmọ tí wọ́n tọ́ lókè òkun ti máa ń ṣì í ṣe. Á gbọ́ gbólóhùn kan, á ní “thank you”, á dìde. Kó dúró nílẹ̀, kó máa ṣe “Àmín” sí ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi ní kó dìde. Tí wọ́n bá fún un lówó ọdún, kó gbà á, kó má kà á lójú wọn. Àwo náà kì í sábà padà lófìfo. Kó ní sùúrù dè é.

Wọ́n á bi í pé “Ọmọ ta ni ẹ́?” Èyí dájú. Ẹ jọ fẹnu kò lé èsì kí ẹ tó dé. Bí bàbá tó bí i bá ṣì wà láyé, ẹ má fipá mú un pe ara rẹ̀ lórúkọ bàbá yín; “Ilé Alhaji ni mo ti wá” ti tó, irọ́ kò sì sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tú ìdí ọ̀rọ̀ wò, kó wá bá yín. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ó máa pè é níwájú àlejò. “Ọmọ wa tó ti London dé” yàtọ̀ sí “ọmọ ìyàwó”, ọmọ ọdún 9 á sì mọ ìyàtọ̀ náà lójú àwọn èèyàn kódà bí kò gbọ́ Yorùbá.

Àgbò fúnra rẹ̀ ló le jù. Wọ́n máa ń so ó mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ọmọ á máa fún un ní èèpo iṣu, á sọ ọ́ lórúkọ, ó di ọ̀rẹ́. Láti London ni kí ẹ ti sọ fún un pé pípa ni wọ́n fẹ́ pa àgbò náà. Lọ́jọ́ náà, ẹ má fipá mú un wò ó, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ìbátan fi ẹkún rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀sìn ní kí á pọ́n ọ̀bẹ níbi tí ẹran kò ti ní rí i, kí á má sì pa ọ̀kan lójú èkejì. Ó yẹ kí ọmọ èèyàn jẹ irú àánú bẹ́ẹ̀. Kó wà nínú ilé títí wọ́n á fi sun irun ẹran tán, tí wọ́n ń gé e, kó wá máa la ẹnu ọ̀rá fún àwọn tó ń bu ẹran. Ẹran tútù inú ọ̀rá kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ kó tó dé ìkòkò tàbí fìríìjì. Nínú oòrùn, wákàtí 1 ti pọ̀. Nítorí náà, tòsí ni kí ẹ máa rán an, kí àwọn àgbà gbé ti ọ̀nà jíjìn.

Ìrun Yídì kò le. Ráká méjì ni, “Allahu Akbar” kàn pọ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ. Kó máa wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn àgbà kì í jẹun kí wọ́n tó ti Yídì dé, ṣùgbọ́n ẹ fún ọmọ ní tíì àti búrẹ́dì. Ẹ mú ọ̀rá dání fún bàtà rẹ̀, torí bàtà tí wọ́n bọ́ sáàárín èrò ṣòroó rí. Bí wọn kò bá tọ́ ọ ní ẹ̀sìn Mùsùlùmí, kó jókòó sẹ́yìn èrò. Ìyẹn kò yọ ọ́ nínú ẹran. Ní ti aṣọ, ẹ fi ìwọ̀n èjìká, àyà, apá, ṣòkòtò àti orí ránṣẹ́ sí télọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ṣáájú, kó sì fi ínǹṣì 2 kún gígùn. Télọ̀ kì í ráyè tún aṣọ ṣe ní àná ọdún.

Ẹ má tètè padà. Ọjọ́ kẹta ọdún ni Ojúde Ọba, tó bẹ̀rẹ̀ látinú bí àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ṣe ń lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, tí ó sì ti di ti gbogbo ìlú: àwọn régberégbe, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, nínú aṣọ ẹgbẹ́, àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin. Àfàìmọ̀ kí ọmọ má ti rí àwòrán Farooq Oreagba, ẹlẹ́ṣin tí òkìkí rẹ̀ kàn níbẹ̀ ní 2024, lórí fóònù. Òun ló máa sáré síwájú. Ẹ fi nǹkan dí i létí nítorí ìbọn tí wọ́n máa ń yìn níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dúró sẹ́yìn ẹṣin, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú àpò aṣọ rẹ̀, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ẹ má kọ ti London.