Ṣé lóòótọ́ ni Àgùàlà ń tẹ̀lé òṣùpá? Ìtumọ̀ òwe náà, àti ohun tí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ fi hàn

Òǹkàwé kan láti Òkè Àrẹ ní Ìbàdàn béèrè ìtumọ̀ òwe tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń pa, pé “Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni.” Ó sì tún fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ gbà pé ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì.

Àgùàlà ni ìmọ́lẹ̀ funfun tí ó máa ń tàn ju gbogbo ìràwọ̀ lọ, tí a ń rí ní ìwọ̀-oòrùn kété tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tàbí ní ìlà-oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Òwe náà kò parí síbi tí ìyá àgbà dá a dúró sí, ìyókù rẹ̀ ni “Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù.” Ẹni tí ó bá rí ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́lá, tí ó sì kà á kún ọmọ-ọ̀dọ̀ láìbéèrè, ni a ń pa á fún. Àwọn kan a máa fi apá àkọ́kọ́ nìkan bú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìlòkulò ni, nítorí apá kejì ni ó gbé ìtumọ̀ ró.

Àwọn onímọ̀ sì ti apá kejì yìí lẹ́yìn. Pílánẹ́ẹ̀tì tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Venus ni Àgùàlà, oòrùn ni ó ń yí ká ní nǹkan bí ọjọ́ 225, ó sì jìnnà sí oòrùn tó mílíọ̀nù 108 kìlómítà. Ayé wa ni òṣùpá ń yí ká ní tirẹ̀, ní ọjọ́ 27 àti díẹ̀. Bí Àgùàlà tilẹ̀ sún mọ́ wa jù lọ, ó ṣì jìnnà ju òṣùpá lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 100. Ohun tí ó ń mú wọn jọ hàn ni pé Àgùàlà kì í kúrò ní sàkání oòrùn lójú ọ̀run, oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé náà sì ń gba sàkání yẹn kọjá.

Àwọ̀ ni ó tú ìyókù àṣírí rẹ̀. Àgùàlà kò ní ìmọ́lẹ̀ ti ara rẹ̀, ti oòrùn ni ó ń dá padà. Ìkùukùu nípọn bò ó yíká, ásíìdì irú èyí tí ó wà nínú bátìrì mọ́tò sì ni ó pọ̀ jù nínú ìkùukùu náà. Ìyẹn ni ó fi funfun tó bẹ́ẹ̀. Bí àwọn onímọ̀ bá la ìmọ́lẹ̀ yìí sí àwọ̀ àwọ̀ bí ti òṣùmàrè, wọ́n a rí ìlà dúdú tín-ín-rín níbi tí gáàsì kan ti gbé àwọ̀ mì, gáàsì kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀. Ní 1932, ní Mount Wilson ní Kalifọ́níà, Walter Adams àti Theodore Dunham rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ Àgùàlà, ní ìkọjá pupa tí ojú wa kò lè rí, wọ́n sì fi mọ̀ pé gáàsì carbon dioxide tí a ń mí síta wà níbẹ̀. Lórí Neptune, tí ó jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, gáàsì methane ni ó ń gbé pupa mì, tí ó fi jẹ́ pé búlúù ni a ń rí.

(Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú lásán ṣe irú ìdájọ́ yìí o. Ẹni tí ó bá dúró sórí Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga tó wà ní Òkè Àrẹ, nígbà ọyẹ́ yóò rí i tí Àgùàlà ń pọ́n bí ó ti ń wọ̀. Eruku àti afẹ́fẹ́ tiwa ni ó fa pípọ́n náà.)

Ti ìrìn àwọn ohun ojú ọ̀run ni ó yà mí lẹ́nu jù. Àwọn ìlà dúdú wọ̀nyẹn kì í dúró lójú kan: bí ohun tí ìmọ́lẹ̀ ti wá bá ń sún mọ́ wa, wọ́n a yẹ̀ díẹ̀ síhà búlúù, bí ó bá sì ń jìnnà, wọ́n a yẹ̀ síhà pupa. Ẹ rántí fèrè ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn kọjá ní Mókọ́lá, bí ohùn rẹ̀ ti ń ròkè nígbà tí ó ń bọ̀, tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí ó bá ti kọjá. Ìwọ̀n tí ìlà fi yẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò bí nǹkan ṣe ń yára tó, bí wọ́n bá sì ń ṣọ́ ọ léraléra, wọ́n á mọ iye ọjọ́ tí ó fi ń yípo.

Ọ̀nà yìí ni Michel Mayor àti Didier Queloz, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gbà ní 1995, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ awò ìràwọ̀ tó wà ní Haute-Provence ní ilẹ̀ Faransé ṣọ́ ìràwọ̀ 51 Pegasi. Wọ́n rí i pé àwọn ìlà rẹ̀ ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún ní ọjọ́ mẹ́rin àti díẹ̀: pílánẹ́ẹ̀tì ńlá kan tí wọn kò fojú rí ni ó ń yí i ká, tí ó sì ń fà á. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2019.