Ojú tí àtọ̀gbẹ sọ di glọkómà: ohun tó ń pa ìrora rẹ̀

Ẹ kú ìrọ́jú ìyá. Mo ka àlàyé yín: àtọ̀gbẹ ti wà lára wọn tipẹ́, ojú ọ̀tún pọ́n, ó ń ro wọ orí, wọ́n ń bì. Wọ́n ní Àpólò ni ní kẹ́míìsì kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lẹ́yìn náà wọ́n ní ibà ni. Ìgbà tí ẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé glọkómà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun fà ni, àti pé pírẹ́ṣọ̀ ojú náà, ìyẹn agbára tí omi inú ojú fi ń tì í, ti dé 52. Wọ́n fún yín ní timolol, oògùn ìkánsójú tó ń dín pírẹ́ṣọ̀ kù, ẹ sì ń béèrè ìdí tí ìrora kò fi lọ.

Timolol nìkan kò lè pa á. Pírẹ́ṣọ̀ ń ti ẹyinjú láti inú, ṣùgbọ́n inú ojú náà tún wú, iṣan kékeré tó yí ọmọlójú ká sì ti fún pọ̀ bí ẹni tí ẹsẹ̀ há. Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tọ́jú. Oògùn ìkánsójú méjì ló wà fún un: atropine 1%, ẹ̀kán kan ní àárọ̀ àti alẹ́, àti prednisolone acetate 1%, ẹ̀kán kan nígbà mẹ́rin lójúmọ́. Atropine á tú iṣan náà sílẹ̀, prednisolone á mú wíwú rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹ padà lọ bá dókítà, kí ẹ sì dárúkọ méjèèjì fún un. Ẹ má lọ rà wọ́n fúnra yín, torí prednisolone lójú tí egbò wà lára awọ iwájú rẹ̀ lè dá ihò sí i, dókítà sì gbọ́dọ̀ fi iná wo awọ náà kó tó kọ ọ́.

Bí wọ́n bá ti kọ ọ́, ọ̀nà tí ẹ gbà kán an ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Prednisolone acetate máa ń sùn sísàlẹ̀ ìgò; ẹ mì í dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi lásán lẹ ń kán. Kí ìyá dùbúlẹ̀, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wá, kí ẹ kán ẹyọ kan péré. Ẹ̀kán kejì á kàn ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Ẹ fi ìka tẹ igun ojú lẹ́bàá imú fún ìṣẹ́jú méjì, kí oògùn má baà gba ibẹ̀ bọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó kán oògùn mìíràn. Títẹ igun ojú yìí kì í ṣe àṣejù pẹ̀lú atropine: ní ara àgbà, tí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹnu á gbẹ, àyà á máa lù kìkì, ìtọ̀ lè há, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ lóru tí ilé yóò fi rò pé nǹkan mìíràn ni. Ojú tó ń ro nìkan ni kí ẹ kán an sí. Ẹ gbé ìgò rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, májèlé ni tí wọ́n bá mu ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ ti ṣí ìgò, ẹ sọ ọ́ nù.

Ti pírẹ́ṣọ̀ wàyí. Timolol 0.5% lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ dára, àfi tí wọ́n bá ní ásímà tàbí tí ọkàn wọn ń lù díẹ̀díẹ̀ jù. Wọ́n lè fi dorzolamide tàbí brimonidine kún un. Acetazolamide tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Diamox ni hóró oògùn tí èèyàn lè gbé mì fún un: 250 miligíráàmù, nígbà mẹ́rin lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Ìka ọwọ́ àti ètè á máa ta wọ́n ṣín-ín-ṣín-ín, wọ́n á máa tọ̀ ṣáá, mínírà tàbí mọ́ọ̀tì á sì máa korò lẹ́nu wọn. Ìyẹn kì í ṣe ewu. Ewu wà níbi kíndìnrín. Àtọ̀gbẹ tó ba ojú jẹ́ lè ti fọwọ́ kan kíndìnrín náà, nítorí náà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kó tó pẹ́ lórí Diamox. Ẹni tí Septrin tàbí Fansidar máa ń mú ara rẹ̀ yún tàbí wú gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS náà sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Bí èébì kò bá jẹ́ kí hóró oògùn dúró nínú, ilé ìwòsàn ló kàn. Wọ́n á fa mannitol 20%, omi oògùn tó ń fa omi kúrò nínú ojú, sí wọn lára, gíráàmù kan sí méjì fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Fún ẹni tó wọn 60 kílò, 300 mílílítà ló kéré jù nínú rẹ̀. Omi tó máa fà wọ inú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe kékeré, torí bẹ́ẹ̀ kí ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì bí ẹsẹ̀ wọn bá ń wú tàbí tí wọn kò lè sùn láìgbé orí sókè.

Oògùn méjì kan wà tí wọ́n máa ń kọ fún glọkómà yòókù tí kò yẹ fún èyí. Pilocarpine máa ń fún ọmọlójú pọ̀, ó sì ń mú wíwú inú ojú pọ̀ sí i. Latanoprost kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí igun tí omi inú ojú ń gbà jáde ti dí, ó sì lè mú kí ojú tó ti pọ́n pọ́n sí i. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn nínú nylon oògùn yín, ẹ béèrè ìdí.

Nílé, ẹ fi ìrọ̀rí gbé orí wọn sókè tí wọ́n bá fẹ́ sùn, torí pírẹ́ṣọ̀ máa ń ga sí i téèyàn bá dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ. Kí wọ́n máa mu omi díẹ̀díẹ̀; lítà omi kan téèyàn dà mì lẹ́ẹ̀kan náà lè ti pírẹ́ṣọ̀ sókè. Paracetamol hóró méjì, ìyẹn gíráàmù kan, ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kò gbọdọ̀ ju gíráàmù mẹ́rin lọ lójúmọ́. Ẹ fi diclofenac àti ibuprofen sílẹ̀ nítorí kíndìnrín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà wọ́n ní oògùn akúnilójú tí dókítà máa ń kán kó tó yẹ ojú wò. Ìrora á lọ lóòótọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àmọ́ téèyàn bá ń kán an lójoojúmọ́, awọ iwájú ojú á jẹrà. Ìtọ̀, omi ṣúgà, ọmú ìyá ọmọ àti omi ewé, gbogbo ohun tí aládùúgbò á bá yín dárúkọ, ẹ máa sọ pé ẹ ṣeun, kí ẹ má sì kán an.

Gbogbo èyí, ìrora là ń pa. Ẹ̀yìn ojú ni àrùn náà wà. Àtọ̀gbẹ ti dí àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń bọ́ rẹ́tínà, awọ ẹ̀yìn ojú tí a fi ń ríran. Rẹ́tínà tí ẹ̀jẹ̀ kò tó máa ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní VEGF jáde, èròjà yìí ló ń hu iṣan tuntun, tí wọ́n á fi rìn wá síwájú, tí wọ́n á bo igun tí omi inú ojú ń gbà jáde. Pírẹ́ṣọ̀ tó yẹ kó wà láàárín 10 sí 21 á wá fò sókè. Tí wọ́n bá ń kán oògùn nìkan láìfọwọ́ kan rẹ́tínà, ẹ máa ra oògùn títí ojú yóò fi kú.

Abẹ́rẹ́ inú ojú ló kọ́kọ́ ń dá iṣan wọ̀nyí dúró. Bevacizumab ni wọ́n sábà máa ń lò nílùú wa, 1.25 miligíráàmù nínú 0.05 mílílítà. Ìgò kan tó fún èèyàn púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ilé ìwòsàn fi lè kó aláìsàn jọ sí ọjọ́ kan. Iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lọ, wọ́n á sì tún hù. Àkókò tí abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́ yẹn gan-an ni lésà, iná tí wọ́n fi ń jó etí rẹ́tínà, gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Lésà náà máa ń tó 1,200 sí 1,600 ojú iná tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ káàkiri etí rẹ́tínà, nígbà méjì tàbí mẹ́ta, kí ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé má baà máa tú VEGF jáde mọ́. Ibi tí ìdílé ti ń ṣubú nìyí: ara tu ìyá lẹ́yìn abẹ́rẹ́, owó ti lọ, Ojúde Ọba ti dé, wọ́n ní àwọn á padà wá tó bá yá. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, igun inú ojú náà ti dí pa. Ẹ gba ọjọ́ lésà kí ẹ tó kúrò níbi abẹ́rẹ́.

Bí ìrora, pípọ́n tàbí òkùnkùn bá pọ̀ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kòkòrò lè ti wọlé; ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ padà.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi dókítà ni pé: ṣé igun tí omi inú ojú ń gbà jáde ṣì ṣí, àbí ó ti lẹ̀? Ó máa fi gíláàsì kékeré kan lé ẹyinjú láti wò ó. Tó bá ṣì ṣí, abẹ́rẹ́ àti lésà lè mú pírẹ́ṣọ̀ wálẹ̀. Tó bá ti lẹ̀, iṣan á gbẹ ṣùgbọ́n àpá á dúró, pírẹ́ṣọ̀ kò ní wálẹ̀, ó sì lè gba iṣẹ́ abẹ tí wọ́n á fi ri ọ̀pá kékeré sínú ojú kí omi máa rí ibi jáde. Ó dáa kí abẹ́rẹ́ ṣáájú iṣẹ́ abẹ yẹn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà kún ojú.

Ohun mìíràn tó ń pinnu ni bóyá ojú náà ṣì rí iná. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kejì pátápátá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ọ̀tún, láti òsì. Tí wọn kò bá mọ̀ rárá, tí dókítà náà sì fọwọ́ sí i pé kò sí ìríran mọ́, èrò mi ni pé kí ẹ má náwó ọ̀pá lé e lórí. Ìtura ni ká máa wá. Atropine àti prednisolone nìkan lè tó fún ọ̀pọ̀, àní kí pírẹ́ṣọ̀ ṣì ga. Bí kò bá tó, lésà mìíràn wà tí wọ́n ń lò láti ìta funfun ojú láti jó ibi tó ń pèsè omi inú ojú. Wọ́n á kọ́kọ́ fún wọn ní abẹ́rẹ́ akúnilójú. Ìrora lè má lọ tán títí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ má sì dá oògùn dúró lójijì. Nígbà mìíràn wọ́n á tún un ṣe. Ẹyinjú lè súnkì lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ yìí, wọ́n lè fún wọn ní abẹ́rẹ́ ọtí líle sẹ́yìn ẹyinjú, tó ń mú ìrora lọ fún oṣù mélòó kan. Ìpéǹpéjú á wú, ó sì lè rọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Yíyọ inú ojú ló kẹ́yìn. Kí wọ́n tó ṣe é, kí wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn ojú náà, torí kókó jẹjẹrẹ lè fara pamọ́ síbẹ̀.

Ojú òsì ló yẹ kó gba agbára yín jù báyìí. Àtọ̀gbẹ kan náà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, lésà tí wọ́n bá ṣe sí i nígbà tó ṣì ń ríran dáadáa sì lè gbà á là, bí dókítà bá rí i pé ó nílò rẹ̀. Kí wọ́n fẹ ọmọlójú rẹ̀ kí wọ́n yẹ ẹ́ wò lọ́jọ́ kan náà. Gààrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń da ṣúgà sí, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀ka ojú ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni OOUTH ní Ṣàgámù wà nítòsí. Ẹ pè kí ẹ tó gbéra, kí ẹ béèrè bóyá lésà ń ṣiṣẹ́ àti ọjọ́ tí dókítà rẹ́tínà máa ń wà. Ẹ kó gbogbo ìgò oògùn dání, pẹ̀lú káàdì ṣúgà àti èsì kíndìnrín. Tí èébì bá bẹ̀rẹ̀ lóru, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì, ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì, kí ẹ sì tètè dárúkọ glọkómà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n má baà fún wọn ní abẹ́rẹ́ ibà.