Má Lámínéètì Káàdì Náà: Ìdáhùn fún Aláboyún Tó Fẹ́ Rán Àpò Káàdì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Apẹ̀tẹ̀ n'Íbàdàn ni mo ń gbé, oyún mi ti wọ oṣù karùn-ún. Mo rí irú àpò tí àwọn ìyá ní Japan máa ń rán fún ìwé ìlera ìyá àti ọmọ, ó sì wù mí gan-an. Mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ nílé. Mo fẹ́ fi ankara rán tèmi, kí n máa kó káàdì oyún, káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ àti ìwé síkáànù sí i. Yáàdì mélòó ni kí n rà, báwo ni kí n sì ṣe gé e? Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ́kọ́ lọ lámínéètì gbogbo ìwé náà kí omi má bàa bà wọ́n jẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí n ṣe?

Ìdáhùn nọ́ọ̀sì: Ìyàwó wa, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ìdajì yáàdì ti tó. Àmọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ kọ́ ló mú mi jókòó ti ìwé yìí, ọ̀rọ̀ lámínéètì yẹn ni. Ìwọ ni ẹni kẹrin tó máa dá a sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi lóṣù yìí, àwọn mẹ́ta tó ṣáájú rẹ kò sì béèrè kí wọ́n tó ṣe é.

Ta ló ń sọ fún yín pé káàdì ọmọ àti sàtífíkéètì jẹ́ ọ̀kan náà? Wọ́n ti kọ sàtífíkéètì tán kí wọ́n tó fún ọ. Káàdì ọmọ, a ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ, a ó kọ BCG, àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, sí i, a ó kọ àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí a ń kán sí i lẹ́nu, a ó kọ ti hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ 6, ẹ ó tún gbé e wá. Ọ̀sẹ̀ 10. Ọ̀sẹ̀ 14. Oṣù 6, fítámì A. Oṣù 9, àjẹsára èéyi àti ti ibà pọ́njú. Oṣù 15, èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà méje rèé, ó kéré tán, tí bíró gbọ́dọ̀ kan káàdì yẹn. Bíró kì í sì í kọ lórí ọ̀rá tí wọ́n fi iná lẹ̀ mọ́ ìwé. Ńṣe ló ń yọ̀.

Ìyá kan gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ 10 wá bá wa, káàdì ọwọ́ rẹ̀ ń dán bíi dígí. Mo fi bíró kọ déètì, kò hàn. Mo fi máákà kọ ọ́, mo fi ìka kàn án báyìí, ó ra mọ́ mi lọ́wọ́. La bá gé pílásítà funfun tí a fi ń di ojú egbò, a kọ déètì sí i lára, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì. Nígbà tó padà wá ní ọ̀sẹ̀ 14, pílásítà ti bọ́, gọ́ọ̀mù tó ti dúdú nìkan ló kù níbẹ̀. Ìyá ń búra pé ọmọ òun gbà á. Rẹ́jísítà la tú kiri kí a tó rí orúkọ rẹ̀, àwọn tó wà lórí ìlà sì ń pòṣé sí wa. Oríire ni pé ọ̀dọ̀ wa náà ló ti gbà á. Ká ní ó ti kó kúrò n'Íbàdàn ńkọ́?

Ẹ tún wo èyí. Ètò àjẹsára kì í dúró sójú kan. Ọdún 2022 ni ti rota, tí a ń kán sọ́mọ lẹ́nu nítorí ìgbẹ́ gbuuru, wọ inú ètò wa. Bí káàdì bá jẹ́ ti àtijọ́, etí ìwé la ti ń wá àyè kọ ọ́. Etí ìwé tó ti wà lábẹ́ ọ̀rá, kí la fẹ́ kọ sí i?

Ti ìwé síkáànù tiẹ̀ burú ju ìyẹn lọ. Kì í ṣe yíǹkì ni wọ́n fi tẹ àwòrán yẹn. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ló ní èròjà lára, ibi tí ooru bá ti kàn án ló ń dúdú, gẹ́gẹ́ bíi rìsíìtì tó ń jáde lára POS. Ẹ̀rọ lámínéètì rèé, iná ló fi ń ṣiṣẹ́. Obìnrin kan gbé tirẹ̀ lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, èyí tó gbà padà dúdú bí ìdí ìkòkò àmàlà. Ó ń fi hàn mí, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. Àwọn ọ̀rá rírọ̀ kan wà tí kò níná rárá, tí wọ́n á sì jẹ àwòrán náà títí tí yóò fi parẹ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí o bá gbà á ni kí o fi fóònù yà á, kí o wá ki ìwé náà bọ inú àpòòwé lásán. Má gbàgbé rẹ̀ síwájú ọkọ̀ Micra nínú oòrùn. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ṣe síkáànù kọ sílẹ̀ ni àwa nọ́ọ̀sì ń kà. Àwòrán yẹn, tìrẹ àti ti bàbá ọmọ ni.

Bí ọwọ́ bá ń yún ọ dandan láti lámínéètì nǹkan, ṣe fọ́tókópì káàdì, kí o lámínéètì fọ́tókópì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ má fi bíléèdì là á. Ẹ gbé e lọ síbi tẹ́ ẹ ti gbà á, kí wọ́n da ohun tó wà nínú rẹ́jísítà kọ sínú káàdì tuntun, kẹ́ ẹ sì tọ́jú méjèèjì. Bóyá wọ́n á gbowó tàbí wọn ò ní gbà, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún gbogbo ilé ìwòsàn.

Ó yá, àpò. Ìwé olójú ewé púpọ̀ ni àwọn ará Japan ń kó sínú tiwọn. Láti 1948 ni ìjọba wọn ti pa ti ìyá àti ti ọmọ pọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo. Páálí tí a ká ni tiwa, ti ìyá lọ́tọ̀, ti ọmọ lọ́tọ̀, ìwọ̀n wọn kò sì dọ́gba láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn. Torí náà, má wo pátánì orí íntánẹ́ẹ̀tì gé aṣọ. Tẹ́ káàdì tìrẹ sílẹ̀, fi tépù wọ̀n ọ́n. Ti ọmọ kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ, yá ti aládùúgbò wọ̀n. Èyí tó bá tóbi jù ni kí o tẹ̀ lé.

Ká ní ó jẹ́ íǹṣì 6 ní fífẹ̀, 8 ní gíga, lẹ́yìn tí o ká a. Sọ fífẹ̀ di ìlọ́po méjì, fi 3 kún un, kí o fi 2 kún gíga. Ó di 15 sí 10. Gé ankara kan àti láínìn kan bẹ́ẹ̀. Gé gum stay, aṣọ líle tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, kí ó fi ààbọ̀ íǹṣì kéré ní gbogbo etí, kí ojú rírán má bàa ki, kí o wá fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ankara. Fún àpò inú, gé 15 sí 13, ṣẹ́ ẹ po sí méjì kí gíga rẹ̀ di íǹṣì 6 àti ààbọ̀, tẹ́ ẹ sórí láínìn láti ìsàlẹ̀. Láàárín gan-an, fa ìlà rírán méjì tó fi íǹṣì kan jìnnà síra: ibẹ̀ ni àpò yóò ti máa ṣẹ́ po bí ìwé. Kọjú ankara àti láínìn síra, rán an yípo, fi àyè íǹṣì 4 sílẹ̀, yí i síta, lọ̀ ọ́, kí o wá rán etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bọ́tìnnì kan àti rọ́bà ti tó láti fi dé e.

Má fi síìpù sẹ́nu ibi tí káàdì ń gbà wọlé. Eyín síìpù máa ń ya etí páálí, àti pé àwa tá a jókòó sídìí tábìlì, káàdì la ń gbà lọ́wọ́ yín tí a ń tò jọ, kì í ṣe àpò. Ó gbọ́dọ̀ jáde ní fífà kan, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ. Má sì ṣe fèrèsé ọ̀rá sí iwájú rẹ̀ bí mo ṣe ń rí i kiri. Èsì àyẹ̀wò HIV wà nínú káàdì oyún, kì í ṣe ohun tí ẹni tó jókòó tì ọ́ nínú Micra yẹ kó kà.

Bó bá jẹ́ àdìrẹ ló wù ọ́, Ìbàdàndùn tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó lára, fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, torí aró máa ń pa mọ́ páálí. Ka pín-ín-nì rẹ kí o tó yí aṣọ síta. Nígbà òjò, ki gbogbo rẹ̀ bọ ọ̀rá nígbà tí o bá ń jáde, yọ ọ́ tí o bá délé. Páálí tútù tí a dì sínú ọ̀rá máa ń bu. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Má kó o síbẹ̀. Ó ń pa àwọ̀ pupa sí ìwé, ọmọ tó ti ń rá sì lè tú u jáde gbé mì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ àgbà léwu gan-an fún ọmọdé.

Mo fẹ́ kí àpò ti ìyá fẹ̀ díẹ̀, nítorí káàdì oyún àtẹ̀yìnwá. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì fún obìnrin jẹ́ márùn-ún. Ìkejì máa ń tẹ̀ lé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ìkẹta lẹ́yìn oṣù 6, ìkẹrin àti ìkarùn-ún lẹ́yìn ọdún kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Oyún kan kì í gba márààrún. Tí o kò bá rí káàdì àtijọ́ mú wá, ó ṣeé ṣe kí a tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ ni yóò sọ èyí tó kàn ọ́, kì í ṣe èmi tí n kò rí ọ. O kò sọ bóyá àkọ́bí ni èyí. Tí kì í bá ṣe àkọ́bí, wá káàdì ti àkọ́kọ́ yẹn jáde kí o tó lọ ra ankara ní ọjà Gbági.